PSA, AFP, CA-125, HBsAg: àwọn lẹ́tà tó ń dẹ́rù ba èèyàn lórí èsì àyẹ̀wò

Ní Ìbàdàn lónìí, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de dókítà mọ́. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn láàárọ̀ ní Mọ́kọ́lá, ní Bódìjà tàbí ní Ring Road, nígbà tó bá máa fi di ìrọ̀lẹ́, èsì ti balẹ̀ sórí WhatsApp rẹ̀. Inú mọ́tò ni yóò ti ṣí i. Yóò rí ìlà mẹ́fà tàbí méje tí kò sí odidi ọ̀rọ̀ kan nínú wọn: PSA, fPSA, AFP, CEA, CA-125, HBsAg. Nọ́ńbà wà níwájú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́tà H sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà náà, tó ń sọ pé ó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kí mọ́tò tó dé Ìwó Road, ẹni náà ti fi lẹ́tà yẹn bi fóònù rẹ̀ léèrè, fóònù sì ti dá a lóhùn pé jẹjẹrẹ. Ó parí, oúnjẹ alẹ́ ò ní wọlé.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ya òpè. Àyẹ̀wò ló pọ̀ sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣètò àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún àwọn bàbá, mọ́ṣáláṣí ń ṣe é, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ń ṣe é, iléeṣẹ́ ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́, àwọn àfẹ́sọ́nà sì ní láti kó èsì HBsAg àti jẹ́nótáìpù wá kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àyẹ̀wò pọ̀, àlàyé ò pọ̀. Ìwé tí láàbù ń kọ, dókítà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó ń kà á ti wá yí padà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ kò yí padà.

Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, ẹbí kan náà ni wọ́n. Glycoprotein ni orúkọ ẹbí náà, ìyẹn purotéènì tí ara so ṣúgà mọ́. Purotéènì ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo: òun ló fi ń kọ́ ara, òun ló fi ń ránṣẹ́, òun ló fi ń dá àlejò mọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń hun purotéènì kan tó fẹ́ rán síta tàbí tó fẹ́ gbé sí ara awọ rẹ̀, ó máa ń mú un gba ibi méjì kan kọjá nínú ara rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní endoplasmic reticulum àti Golgi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so ẹ̀wọ̀n ṣúgà mọ́ ọn, tí wọ́n tún ń gé e, tí wọ́n ń tún un so. Ẹ̀wọ̀n tó bá di nitrogen mú lára purotéènì, N-linked ni wọ́n ń pè é. Èyí tó bá di oxygen mú, O-linked. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ju ìdajì purotéènì ara èèyàn lọ tó ru irú ṣúgà bẹ́ẹ̀.

Ṣúgà yìí kì í ṣe ti àtọ̀gbẹ o. Mo ní láti sọ ọ́ gbangba, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ṣúgà wà nínú ohun tí wọ́n yẹ̀ wò lára wọn, omi ewúro ni wọ́n á kọ́kọ́ lọ fún. Ẹni tí kò jẹ ohun dídùn rí láyé rẹ̀, ara rẹ̀ kún fún purotéènì oníṣúgà, torí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é pẹ̀lú ètò. Èyí tó jẹ́ ti àtọ̀gbẹ ni HbA1c, ọ̀nà tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá: ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló lọ lẹ̀ mọ́ hẹmogílóbíìnì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń lò tó 120 ọjọ́, ìdí nìyẹn tí HbA1c fi ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Bó bá tó 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń kà á sí. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà HbA1c rẹ̀ lè wá sílẹ̀ kó sì tan dókítà jẹ. Ní ìlú tí AS àti SS pọ̀ bíi tiwa, ìlà kan yìí yẹ kó wà lórí gbogbo ìwé HbA1c.

Iṣẹ́ tí ẹ̀wọ̀n ṣúgà ń ṣe lára sẹ́ẹ̀lì kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ilà ojú ń ṣe láyé ìjelòó: òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí èèyàn jẹ́ kó tó la ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ A, B àti O tí Karl Landsteiner tẹ̀ jáde ní Vienna ní 1901, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1930, ọ̀rọ̀ ṣúgà ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín A àti B kò ju ẹyọ ṣúgà kan ṣoṣo lọ ní ìparí ẹ̀wọ̀n. Ẹyọ kan yẹn ló fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣi ẹ̀jẹ̀ fà síni lára, ó lè gba ẹ̀mí. Kòkòrò ibà náà mọ ilà yìí kà. Falciparum, èyí tó ń yọ wá lẹ́nu jù, máa ń di ṣúgà tó wà lára glycophorin A mú kó tó wọnú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Vivax ní tirẹ̀, purotéènì oníṣúgà mìíràn tó ń jẹ́ Duffy ló ń wá, ọ̀pọ̀ jù lọ àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ò sì ní in lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wa. Louis Miller àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi èyí hàn ní 1976. Orúkọ aláìsàn kan ni Duffy yẹn. Fy ni wọ́n gé e kúrú sí.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí PSA, torí òun ló ń da àwọn bàbá láàmú jù. Prostate-specific antigen ni odidi orúkọ rẹ̀. Prọ́síteètì, ẹran kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ló ń ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí ó jẹ́ kí àtọ̀ ṣàn. Inú àtọ̀ ló pọ̀ sí, díẹ̀ ló ń jò sínú ẹ̀jẹ̀. Bí prọ́síteètì bá tóbi, bí ọjọ́ orí ṣe máa ń mú un tóbi lára ọ̀pọ̀ bàbá, PSA á gòkè. Bí àrùn bá wọ ọ̀nà ìtọ̀, á gòkè. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ki rọ́bà ìtọ̀ bọ̀ ọ́ lára, tàbí tí bàbá àti ìyá bá jọ sùn ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú àyẹ̀wò, ó lè gòkè. Jẹjẹrẹ náà máa ń gbé e gòkè, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ààlà tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ni 4 ng/mL, àmọ́ àwọn kan ní 7 tí kò sí jẹjẹrẹ lára wọn, àwọn kan sì wà lábẹ́ 4 tó ti wà níbẹ̀. Àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò yìí ní 1986 fún títọ́pa ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ prọ́síteètì. Ó di 1994 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi ran wíwá àrùn náà lọ́wọ́ lára ẹni tí kò tíì mọ̀.

Lẹ́tà f kékeré tó máa ń wà níwájú rẹ̀ nígbà mìíràn tún ní wàhálà tirẹ̀. fPSA ni free PSA. Ẹni tó ti ibi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ bọ̀ tó rí i lórí ìwé lè rò pé wọ́n ń rán òun létí pé wọn ò gbowó lọ́wọ́ òun ni. Èyí tó ń dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀ láìso mọ́ purotéènì mìíràn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ ni tPSA. Bí èyí tó ń dá rìn bá kéré sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún àròpọ̀, ìfura dókítà máa ń le sí i. Bó bá ju 25 lọ, ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá wò ó: nọ́ńbà fPSA tó kéré, tí ẹni tó ń kà á yóò máa dúpẹ́ sí, lè jẹ́ òun gan-an ló yẹ kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá sì ń lo finasteride nítorí prọ́síteètì tó tóbi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níbi àyẹ̀wò, torí tó bá ti lo oògùn náà fún oṣù mélòó kan, ó máa ń gé PSA sí bí ìdajì. Wọ́n lè rí 3 kí wọ́n ní kò sí nǹkan, nígbà tó jẹ́ pé 6 ni.

Mi ò sọ pé kí àwọn bàbá má ṣe àyẹ̀wò o. Jẹjẹrẹ prọ́síteètì wà lára èyí tó pọ̀ jù lára ọkùnrin ilẹ̀ wa, UCH sì ti ń kọ orúkọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀ fún ìlú Ìbàdàn láti 1960. Ohun tí mo lòdì sí ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ogún bàbá lábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ó sì tán síbẹ̀.

Ti àwọn obìnrin ni CA-125, òun náà sì ń gba oorun lójú èèyàn. Lórí káàdì ilé ìwòsàn, dókítà máa ń kọ Ca breast tàbí Ca cervix. Ca ibẹ̀ yẹn, carcinoma ni, jẹjẹrẹ gan-an nìyẹn. Lórí ìwé tí wọ́n fi ń yẹ iyọ̀ ara wò, Ca ni calcium, èyí tó wà nínú eegun. Ní CA-125, cancer antigen ni wọ́n ń pè é. Ní CA 19-9 tí wọ́n fi ń tọ́pa jẹjẹrẹ pancreas, ẹran kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń kà á sí carbohydrate antigen, torí ṣúgà gan-an ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀. Lẹ́tà méjì, ìtumọ̀ mẹ́rin, ó sì lè jẹ́ nínú fáìlì aláìsàn kan ṣoṣo.

125 yẹn kì í ṣe ìwọ̀n ohunkóhun. Ní 1981, Robert Bast àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston ń wá antibody, ohun ìjà tí ara ń rọ láti bá àlejò jà, tó lè dá jẹjẹrẹ ilé ẹyin mọ̀. Wọ́n ń fún wọn ní nọ́ńbà bí wọ́n ṣe ń dán wọn wò, nọ́ńbà 125 ló ṣe é. Ohun tí antibody yẹn dì mú ni wọ́n wá ń wọ̀n: purotéènì ràgàjì kan tí ṣúgà bò, MUC16. Ààlà rẹ̀ ni 35 U/mL. Àmọ́ kì í ṣe ilé ẹyin nìkan ló ń ṣe é. Gbogbo ibi tí awọ inú ikùn bá ti ń bínú ló ti lè jáde. Nǹkan oṣù lè gbé e gòkè, oyún lè gbé e gòkè, fáíbírọ́ìdì tí àwọn ìyá àgbà ń pè ní ìju lè gbé e gòkè, ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú ikùn lè gbé e dé ibi tí ẹni tó rí i yóò fi máa ṣẹ́jú. Ẹ̀yin náà mọ bí fáíbírọ́ìdì ṣe pọ̀ láàárín wa tó. Fífi CA-125 sínú àyẹ̀wò gbogbogbòò fún obìnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí nǹkan kan ò ṣe, mi ò rí oore tó ń ṣe é.

CA 19-9 tún ní ọ̀ràn mìíràn. Àwọn èèyàn kan wà tí ara wọn ò lè ṣe ṣúgà yẹn rárá nítorí ẹ̀jẹ̀ Lewis wọn, wọ́n sì pọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú ju láàárín òyìnbó lọ. Jẹjẹrẹ lè wà lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí CA 19-9 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. CEA, tí wọ́n sábà fi ń tọ́pa jẹjẹrẹ ìfun, tí Phil Gold àti Samuel Freedman sì rí ní Kánádà ní 1965, máa ń ga díẹ̀ lára ẹni tó ń mu sìgá láìsí àrùn kankan.

AFP ló jọ mí lójú jù nínú gbogbo wọn. Ẹ lọ sí UCH, ẹ dúró ní àárín ọgbà, kí ẹ bi ẹni méjì pé kí ni AFP. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀dọ̀ yóò sọ pé alpha-fetoprotein ni, purotéènì oníṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún máa ń ṣe, tó máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbí, tó sì tún máa ń yọ jáde bí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wá láti ẹ̀ka ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì yóò sọ pé acute flaccid paralysis ni, ìyẹn kí apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọdé ṣàdédé rọ. Láàbù tó wà níbẹ̀ ti ń gba ìgbẹ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́ láti wá kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè kéde ní oṣù Kẹjọ 2020 pé ẹ̀yà kòkòrò náà tó jẹ́ ti àbáláyé, tí wọ́n ń pè ní wild poliovirus, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Ìyá tó gbọ́ lórí rédíò pé kí wọ́n tètè fi ẹjọ́ AFP sun, tó sì tún rí AFP lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ta ni yóò bá a wí tó bá dàrú mọ́ ọn lójú?

Èyí tó ń tú àfẹ́sọ́nà ká ni HBsAg. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló ní in. HBsAg ni purotéènì ara awọ kòkòrò náà, ṣúgà sì wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ positive, kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ àtúnkọ kékeré kan wà tó yí gbogbo rẹ̀ padà: HBsAb, tí àwọn mìíràn ń kọ ní anti-HBs. Antibody ni ìyẹn. Bí ìyẹn bá jẹ́ positive, ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ara ti ní ààbò, bóyá nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí nítorí pé ara ti lé kòkòrò náà lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó kẹ́yìn, g tàbí b, ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé, tó rí positive níwájú HBsAb, lè sunkún lórí ohun tó yẹ kó fi ṣàjọyọ̀. Èyí tó burú jù ni kí ìdílé kejì rí i kí wọ́n sì ní àwọn ò ṣe mọ́.

Baruch Blumberg ló rí HBsAg nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Australia kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ ń pè é ní Australia antigen, tí wọ́n ń kọ Au. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965, ó sì gba Nobel ní 1976. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára ohun tó ti ń wò ṣáájú ìgbà yẹn: ní 1958, òun àti Anthony Allison wà lára àwọn tó tẹ ìwádìí jáde lórí haptoglobin, purotéènì oníṣúgà mìíràn tí wọ́n ń kọ ní Hp, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Britain, àwọn Basque ilẹ̀ Spain àti àwọn ọmọ Nàìjíríà. Wíwo ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ló gbé e dé ibi tó bá kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ pàdé.

Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kì í ní ilé iṣẹ́ ṣúgà tirẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì wa ló ti ń jí i lò, ó sì ń fi ṣúgà wa bo ara rẹ̀ kí ara má baà dá a mọ̀. gp120 tó wà lára HIV, gp ni glycoprotein, 120 sì ni ìwọ̀n rẹ̀ ní kilodalton. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n yẹn ni ṣúgà. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára HIV ṣòro títí dòní. p24 tó wà nínú kòkòrò kan náà kò ní g níwájú, torí kò ní ṣúgà. HIV-2, tó jẹ́ pé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí ló pọ̀ sí, gp36 ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀. H àti N inú H5N1 tó pa adìyẹ àwọn olóko wa láti 2006, nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ti bẹ́, purotéènì oníṣúgà méjèèjì ni wọ́n: haemagglutinin ló fi ń wọlé sínú sẹ́ẹ̀lì, neuraminidase ló fi ń já ara rẹ̀ gbà jáde.

Ìbàdàn náà wà nínú àgékúrú ayé yìí, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé a kì í fi yangàn. Ní àwọn ọdún 1960, Yunifásítì Ìbàdàn ní láàbù ìwádìí fáírọ́ọ̀sì kan tí Rockefeller Foundation kún lọ́wọ́. Ní 1964, wọ́n rí kòkòrò kan lára eégbọn màlúù nílùú yìí, wọ́n pè é ní Dugbe; DUGV ni wọ́n ń kọ ọ́ ní gbogbo ayé. Ní 1968, wọ́n rí òmíràn lára asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá, ó di Mokola, MOKV. Ìbátan àrùn dìgbòlugi ni MOKV. Àwọn dókítà tẹ ìròyìn jáde ní 1972 nípa ọmọ kan tó kú lọ́wọ́ rẹ̀. Purotéènì oníṣúgà tó wà lára rẹ̀, tí wọ́n ń fi lẹ́tà G kan ṣoṣo pè, yàtọ̀ sí ti dìgbòlugi débi pé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tí a ń gbà kò lè fi bẹ́ẹ̀ dáàbò boni lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì ka ìwé ìwádìí èyíkéyìí lórí ibà Crimean-Congo, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá IbAr10200 pàdé níbẹ̀. Ib ni Ìbàdàn. Ar ni arthropod, ọ̀wọ́ tí eégbọn wà. Ara eégbọn tí wọ́n mú ní Sókótó ní 1966 ni wọ́n ti rí i, ṣùgbọ́n láàbù Ìbàdàn ló fún un lórúkọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ láàbù lágbàáyé ṣì ń lò tí wọ́n bá fẹ́ wo purotéènì oníṣúgà Gn àti Gc ti kòkòrò náà.

Ti ibà Lassa ò jìnnà sí èyí. Wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní 1969. Nígbà tó bẹ́ ní Jos ní 1970, àwọn ará láàbù Ìbàdàn yẹn wà lára àwọn tó lọ wá ìdí rẹ̀. GPC ni wọ́n ń kọ purotéènì oníṣúgà rẹ̀, èyí tó ń pín sí GP1 àti GP2. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àjọ IAVI bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò ní Àbújá ní 2024, GPC yìí ni wọ́n gbé wọ kòkòrò mìíràn tí kò léwu, kí ara lè kọ́ bó ṣe máa dá a mọ̀.

Àwọn tó kù, mo lè yára kọjá lára wọn. hCG ni ohun tí àyẹ̀wò oyún inú ìtọ̀ ń wá. Apá méjì ló ní, apá kan sì jọ ti àwọn hómóònù mìíràn, TSH, FSH àti LH, bákan náà, ìdí nìyẹn tí láàbù fi ń kọ beta síwájú hCG: apá tó yàtọ̀ ni wọ́n wọ̀n. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ PT sí lè jẹ́ àyẹ̀wò oyún, ó sì lè jẹ́ prothrombin time, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì sí, nítorí náà kí bàbá tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún má ṣe bínú. EPO fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn ni erythropoietin, abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Láàárín àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ, òróró evening primrose ni, wọ́n sì ń gbé e mì. P-gp, ìyẹn P-glycoprotein, tí wọ́n ti mọ̀ láti 1976, máa ń ti oògùn jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì. Rifampicin tí àwọn alárùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ń lò máa ń mú kí ó pọ̀ sí i, oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò mọ́ ọn lè máà wá ṣiṣẹ́ tó.

Kí ni ẹni tó gba èsì lórí WhatsApp lè ṣe? Kó padà sí láàbù, kó ní kí wọ́n kọ odidi orúkọ ohun tí wọ́n wọ̀n. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn kì í kàn kọ ọ́ ni. Kó sọ oògùn tó ń lò fún wọn, títí kan àwọn hóró irun àti èékánná tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí biotin tó pọ̀ nínú wọn lè da nọ́ńbà TSH, hCG àti PSA rú lórí àwọn ẹ̀rọ kan. FDA ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti 2017. Bí wọ́n bá sì ní kó tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó padà sí láàbù kan náà. Láàbù kan lè kọ AFP ní ng/mL, kí èkejì kọ ọ́ ní IU/mL, bẹ́ẹ̀ 1 IU ju 1 ng lọ díẹ̀. AFP tó jẹ́ 10 ní IU/mL níbì kan, nǹkan bíi 12 ni yóò jẹ́ ní ng/mL níbòmíràn, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú ẹ̀dọ̀ ẹni náà.